Yàrá Ẹni Méjì Lórí Òkun

"Má bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ń lọ. Bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń bá lọ."

Ohun àkọ́kọ́ tí Mórà kọ́ mi nìyẹn lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òun ni ọ̀gá wa, obìnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín kí aago mẹ́wàá tó lù. Ìlú kan lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, níbi tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Iṣẹ́ tiwa ni pé ká jókòó sídìí fóònù láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ká máa bá àwọn òyìnbó yan ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n máa fi gbafẹ́ lórí Òkun Mẹditaréníà. Èmi tí wọ́n bí sí Ògbómọ̀ṣọ́, tó jẹ́ pé omi tó pọ̀ jù tí mo rí kí n tó kúrò nílé ni èyí tó máa ń dá sójú títì ní Takie bí òjò bá rọ̀ tán. N kò rí òkun rí. Síbẹ̀, kí oṣù mẹ́ta tó pé, mo ti mọ èbúté tó ní àtẹ̀gùn púpọ̀ àti èyí tí kò ní.

Iṣẹ́ náà kò le bí èèyàn bá mọ èèyàn. Ìdílé tó ní ọmọ wẹẹrẹ, ọkọ̀ ńlá ni tiwọn, èyí tó ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́ àti àwọn tó máa bá wọn tọ́jú ọmọ, kó gba ọ̀nà Sípéènì àti Ítálì, nítorí èbúté apá ibẹ̀ sún mọ́ra, ọmọ kò ní ráyè dààmú ẹnikẹ́ni. Ọkọ àti ìyàwó tuntun, yàrá tó ní fàráńdà, kí wọ́n máa káàkiri àwọn erékùṣù ilẹ̀ Gíríìsì. Ojú ara wọn nìkan ni wọ́n máa wò lọ́nàkọnà. Àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n fẹ́ràn àwókù ilé àtijọ́, ọkọ̀ kékeré ló yẹ wọ́n, kó sì jẹ́ oṣù karùn-ún tàbí oṣù kẹwàá, torí oòrùn oṣù keje níbẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ arúgbó. Ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, n kò gbọdọ̀ fún un ní èbúté tí ọkọ̀ ńlá kò ti lè sún mọ́ ilẹ̀, tó jẹ́ pé ọkọ̀ kékeré ni wọ́n fi ń kó èèyàn dé etí omi. Ẹni tí òòyì máa ń kọ́, yàrá ìsàlẹ̀, láàárín gbùngbùn ọkọ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwa a máa wo orúnkún ká tó yan ọkọ̀.

Àwọn tó ń dá rìnrìn-àjò ló máa ń fa wàhálà. Ẹni méjì ni wọ́n kọ́ yàrá ọkọ̀ fún, ẹni tó bá fẹ́ dá sùn níbẹ̀ máa san owó ẹni méjì tàbí kó kù díẹ̀. Inú á sì bí wọn. "Ṣé kí n máa sanwó ẹni tí kò sí?" Ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn, ẹni tó ti ń bú wa á máa bú wa, ẹni tó fẹ́ sunkún á sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ á máa bẹ̀ wọ́n. Èmi kì í bẹ̀bẹ̀. Màá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ibùsùn kejì máa wà níbẹ̀, wọ́n á sì máa tẹ́ ẹ lójoojúmọ́." Màá dákẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á sanwó.

Kí ọdún tó yí po, gbogbo ẹni tó ń dá lọ ni wọ́n ń taari sí mi. Mórà bi mí pé kí ni mò ń sọ fún wọn. Mo ní kò sí. Kò kúkú sí. Ó kàn jẹ́ pé nínú gbogbo wa tó jókòó síbẹ̀, èmi nìkan ni kò rí i bí ohun tuntun pé kí èèyàn máa san ti ẹni tí kò sí.

Ìbejì ni mí. Táyé ni orúkọ tí mo gbé tọ̀run wá. Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá ti mọ ìbéèrè tó kàn.

Nílé, kò sí ọjọ́ tí ẹnì kan kì í bi mí ní ìbéèrè náà. Mo lè lọ ra ọṣẹ ní Takie, kí obìnrin tí mi ò rí rí gbọ́ orúkọ mi, kó ní, "Ẹ̀jìrẹ́! Kẹ́hìndé ńkọ́?" Màá ní, "Ó wá igi lọ, mà." Ojú obìnrin náà á yí padà. Á fi ọṣẹ kan lé e, á ní kí n mú un fún un. A kì í sọ pé ìbejì kú. Igi ni wọ́n ní ó wá lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, kò tíì rí igi náà ṣẹ́ dé.

Nígbà tí mo dé ìlú òyìnbó, orúkọ Bíbélì mi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìbejì ni mí. Wọ́n fún mi ní yàrá kan tó tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ díẹ̀, ibùsùn ẹnì kan, fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri. Mo lọ sí ọjà, mo ra ife kan, àwo kan, ṣíbí kan. Obìnrin tó ń gbowó ní méjì méjì ni wọ́n ń tà á, ó dínwó bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹyọ kan ni mo fẹ́. Inú mi dùn débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín lójú títì bíi wèrè. Mo rò pé mo ti bọ́.

Oṣù kejì ni mo ṣàkíyèsí pé eteetí ibùsùn ni mò ń sùn. Mo máa ń fi apá ògiri sílẹ̀. Mo máa ń tún ara mi gbé wá sáàárín kí n tó sùn, bí ilẹ̀ bá mọ́, etí ni màá tún bá ara mi, aṣọ ìbora á sì ti lọ sí apá kejì. Mo sọ fún ara mi pé òtútù ni.

Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé fún yín báyìí, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé kò ní gbé mi níyì.

Tíṣà ni màámi. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, ọkọ ló gbé wọn wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí à ń wí yìí, ilé ìwé kan ní Ìkòyí-Ilé ni wọ́n gbé wọn lọ, wọ́n máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ibà ló ṣe Kẹ́hìndé. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Bàbá mi jẹ́ díákónì, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n bí wọn sí, àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì ló kọ́ bàbá tó bí wọn níwèé, bàbá mi sì sọ fún màámi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ́ ère ìbejì wọ ilé àwọn. Màámi kò bá wọn jiyàn. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ oní-fótò kan, ó yà mí lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan náà, èmi lọ́tùn-ún, èmi lósì, aṣọ kan náà, bàtà kan náà. Ó wà ní pálọ̀ wa. Àlejò á wò ó, á ní, "Wọ́n mà jọra o." Bàbá mi á yí ojú sí ibòmíràn.

Màámi sì tún máa ń bu oúnjẹ. Ohunkóhun tí a bá jẹ, wọ́n á bu díẹ̀ sínú àwo kékeré kan, ẹ̀wà, dòdò, wọ́n á gbé e sórí dúrọ́ọ̀ nínú yàrá wọn. Àwọn fúnra wọn kì í jẹun. Wọ́n gbẹ débi pé àwọn ìyá ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá bàbá mi sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà ìrọ̀lẹ́ ní pálọ̀, mo wọ yàrá, mo jẹ oúnjẹ Kẹ́hìndé. Ebi kò pa mí. Dòdò ló wà níbẹ̀, èmi àti Kẹ́hìndé a sì máa ń jà lórí dòdò, ó jọ mí lójú pé tèmi ni báyìí. Ìwà ọmọdé ni, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé olè ni mò ń jà.

Màámi wọlé, wọ́n bá àwo òfìfo. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ti ń retí pàṣán. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú dúrọ́ọ̀. Wọ́n fi ìka nu ìsàlẹ̀ àwo náà, wọ́n wò ó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì ń jáde pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n jáde, wọ́n bu oúnjẹ fún ara wọn, wọ́n jẹ ẹ́ tán lójú gbogbo wa. Bàbá mi ń wò wọ́n.

Ta ló máa wá sọ òtítọ́ lẹ́yìn ìyẹn? Lọ́jọ́ kejì, mo tún jẹ ẹ́. Ogún ọdún ni mo fi jẹ ẹ́. Ògbómọ̀ṣọ́ náà ni mo ti ka gbogbo ìwé mi, n kì í fi bẹ́ẹ̀ sùn síta, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ ìyá ẹ̀. Bí mo bá sùn síta lọ́jọ́ kan, tí oúnjẹ wà bó ṣe wà, màámi á ní Kẹ́hìndé bá mi lọ ni. Àwọn ará àdúgbò máa ń sọ pé nǹkan kan wà nínú ilé wa. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èmi ni nǹkan náà.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé ìlú òyìnbó, màámi pè mí. Wọ́n bi mí léèrè òtútù, wọ́n bi mí bóyá mo ti rí ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Oúnjẹ ẹ̀gbọ́n ẹ wà níbẹ̀ o. Ọjọ́ karùn-ún rèé, kò tọ́ ọ wò."

Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìkejì ló ń rán àkọ́kọ́ pé kó lọ tọ́ ayé wò.

"Mo gbọ́, mà," mo ní.

"Ó ti bá ẹ lọ nìyẹn. Èmi náà ti rò ó bẹ́ẹ̀. Ṣé ó ń jẹun níbẹ̀?"

Mo wo àwo kan ṣoṣo mi. "Ó ń jẹun, mà."

"Òtútù ò mú un?"

"Kò mú un, mà. Ó ní súwẹ́tà."

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi sọ ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ti rẹ̀ mí, màá kàn ní, "Àwa méjèèjì wà dáadáa, mà," kí wọ́n má bàa bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lẹ́yọ lẹ́yọ. Nígbà mìíràn màámi á ní kí n bá wọn kí i, màá gbé fóònù kúrò létí, màá ka ení, èjì, ẹ̀ta, màá ní, "Ó ní ẹ ṣeun, mà." Mo ti gbà pé irọ́ bẹ́ẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èèyàn tó wà ní ìdálẹ̀ ń parọ́ fún ará ilé lójoojúmọ́, a ní a ti jẹun, a ní iṣẹ́ kò le, a ní àwọn òyìnbó fẹ́ràn wa. Tèmi kàn fi díẹ̀ gùn ju ti ẹlòmíràn lọ.

Lẹ́yìn tí bàbá mi ti kú, ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í dun màámi. Bùọ̀dá Délé, àkọ́bí wa, ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ọ̀yọ́, ó ti bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti bí wọn gan-an. Wọ́n kọ̀. Lọ́jọ́ kan, Bùọ̀dá pè mí, inú rẹ̀ ń dùn.

"Wọ́n ti gbà o! Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí Kẹ́hìndé ti wà lọ́dọ̀ ẹ, tó ti fìdí kalẹ̀ síbẹ̀, kò sẹ́ni tí àwọn ń dúró dè ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́." Kì í ṣe òmùgọ̀. "Táyé, mi ò mọ ohun tó ò ń sọ fún wọn. Jọ̀ọ́, máa sọ ọ́ lọ. Ara wọn ti balẹ̀."

"Ẹ má ṣèyọnu, sà," mo ní.

Ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ wa fún mi ní ẹ̀bùn. Wọ́n ní nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó ta ọkọ̀ tó mi, kí n lọ wọ ọ̀kan fúnra mi, kí n lè mọ ohun tí mò ń sọ. Èyíkéyìí tó bá wù mí. Mórà tì mí lápá, ó ní, "Wá, jẹ́ kí n ṣe tìẹ fún ẹ. Ta lò ń bá lọ?" Mo ní èmi nìkan ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní yàrá ẹni méjì náà ni wọ́n máa fún mi ṣá o.

Èyí tó wù mí ni ọkọ̀ ńlá, èyí tó tóbi bí ìlú, tí ilé ijó wà nínú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé obìnrin kan ń dá jókòó níbì kan. Mo sọ fún màámi lórí fóònù. Mo rò pé wọ́n máa ní kí n ṣọ́ra fún omi.

"Ẹnì kan, yàrá ẹni méjì?" Màámi pàtẹ́wọ́. "Àwọn òyìnbó yẹn gbọ́n. Wọ́n ti rí i pé ẹ̀yin méjì ni. O ti bi ẹ̀gbọ́n ẹ léèrè irú ọkọ̀ tó fẹ́?"

"Irú èyí tí mo bá fẹ́ náà ni, mà."

"Rárá o. Ẹ jọra lójú ni, ẹ ò jọra níwà. Kò fẹ́ràn ariwo. Ibi tí èrò bá ti pọ̀, orí máa ń fọ́ ọ. Ẹ̀rù omi ń bà á díẹ̀, kó ṣáà máa rí ilẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ara ẹ̀ á balẹ̀. Kò sì lè jí láàárọ̀ kùtù bíi tìẹ. Ó fẹ́ràn kó jókòó, kó máa wo àwọn ilé kéékèèké."

Ọwọ́ mi ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó mọ̀. Àṣà iṣẹ́ ni. Nígbà tí mo wo ìwé náà, oníbàárà gidi ló wà níbẹ̀, èyí tí Mórà máa pè ní ẹni ọkọ̀ kékeré: àwọn erékùṣù, èbúté lójoojúmọ́, yàrá ìsàlẹ̀, kí wọ́n má jí i kùtù. Mo wá rí i pé n kò mọ ọmọ yìí. Ohun tí mo rántí nípa Kẹ́hìndé kò ju òórùn káńfọ̀ lọ àti ẹsẹ̀ tútù tó máa ń tẹ̀ mọ́ mi lórí ẹní. Màámi ló tọ́ ọ dàgbà. Ó ti di obìnrin ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lọ́wọ́ wọn, pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí tirẹ̀ àti ohun tó fẹ́ àti èyí tí kò fẹ́, èmi sì ni mò ń gbé oúnjẹ rẹ̀ jẹ láti ọjọ́ yìí.

Ọkọ̀ kékeré ni mo mú.

Ibùsùn méjì ló wà nínú yàrá náà, wọ́n tẹ́ méjèèjì, wọ́n ká táwẹ́lì méjì sórí wọn. Mo gbé báàgì mi sórí èkejì bí mo ṣe máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi. Nígbà tí mo jáde tí mo padà, ẹni tó ń tún yàrá ṣe ti gbé báàgì náà sílẹ̀, ó ti na aṣọ ibùsùn náà títí tó fi gún régé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́, màá gbé e sórí rẹ̀, á gbé e kúrò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, táwẹ́lì méjèèjì ló tutù. N kò rántí pé mo lo méjì. Mo dúró ti àwọn táwẹ́lì náà fún ìgbà pípẹ́ kí n tó lọ jẹun. Ó ní láti jẹ́ pé èmi ni. Nílé wa, èmi ló ṣáà máa ń jẹ́.

Òkun náà dára, n kò ní purọ́. Ó mọ́ débi pé èèyàn á máa rí òkúta nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn tá a jọ wà nínú ọkọ̀, arúgbó ló pọ̀ jù, wọ́n á máa da ìbéèrè bò mí pé níbo ni mo ti wá, ṣé mo ti ń gbádùn. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kan wà tí omi yìí kan náà ti gbé lọ, n kò sì lè tẹjú mọ́ ọn pẹ́. Wọ́n ní àjò kò dùn kí onílé má relé. Ilé wo ni mo fẹ́ lọ? Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Bùọ̀dá Délé ń kó ẹrù màámi jáde ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ìlú òyìnbó, èmi nìkan ni mí, kò sì rọrùn fún mi láti jẹ́ ẹnì kan. Nílé, ẹni méjì ni mí, irọ́ sì ni. Lórí tábìlì oúnjẹ ọkọ̀, ẹni méjì ni wọ́n tẹ́ ẹ fún. Agbáwo kan, ọmọ Filipíìnì tó ní sùúrù, máa ń bi mí pé ṣé a ń retí ẹnì kan. Màá ní rárá. Á kó àwo kejì kúrò.

Ọjọ́ kẹrin, ọkọ̀ dúró níwájú erékùṣù kan, ní ọ̀sán gangan. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìrẹsì àti ẹja síwájú mi nígbà tí fóònù dún. Nọ́ńbà Bùọ̀dá Délé ni, ṣùgbọ́n ohùn màámi ló jáde.

"Mo ti dé Ọ̀yọ́ o. Yàrá tí wọ́n fún mi dáa, afẹ́fẹ́ ń wọlé. Ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́?"

"Ó wà níbí, mà."

"Fún un ní fóònù."

"Màámi, ó ń..."

"Fún un. Ọ̀rọ̀ wà tí mo fẹ́ bá a sọ kí n tó kú. Ìwọ yí ojú ẹ sápá kan."

Kí ni màá ṣe? Mo gbé fóònù náà sórí tábìlì, níwájú àga kejì, mo tẹ̀ ẹ́ kí ohùn wọn lè jáde, kí n má bàa ṣàìgbọ́ ìgbà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tán. Mo tilẹ̀ yí ojú sápá kan.

"Kẹ́hìndé," màámi ní. Ohùn tí wọ́n fi ń pe ọmọdé ni. "Mo ti kúrò nílé wa o, má lọ wá mi débẹ̀. Ọ̀dọ̀ Délé ni mo wà. Ọmọ mi, àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, mo fọwọ́ kàn ẹ́. Ara ẹ gbóná. Mo mọ̀ pé ó gbóná. O ní kí n má lọ, o di aṣọ mi mú. Mo ní ìdánwò ni wọ́n ń ṣe ní Ìkòyí, ọ̀gá ilé ìwé máa bínú, mo tú ìka ẹ kúrò lára aṣọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò sọ ọ́ fún bàbá yín. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní màá kú sí i ni. Ṣùgbọ́n o wá jẹun tí mo gbé kalẹ̀ fún ẹ. O jẹ ẹ́ tán, o ò ṣẹ́ ẹ kù. Mo mọ̀ pé o ti dárí jì mí nìyẹn. Ọjọ́ yẹn lèmi náà tó lè jẹun. Mo kàn ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Èmi náà wà lórí ẹní yẹn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà, mo sùn ni.

"Dá mi lóhùn," màámi ní. "Kódà bó ṣe pé o wúkọ́."

Ohùn kan náà ni a ní. Nígbà tí a wà ní kékeré, àwọn ará ilé kì í lè dá wa mọ̀ bí a bá ń pè láti yàrá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù, màámi á sì sùn lóru ọjọ́ yẹn bí ọmọ tuntun, Bùọ̀dá á máa dúpẹ́. Mo la ẹnu. Mo la ẹnu ní tòótọ́, mo sì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ojú tì mí lójijì. Ìdáríjì tí mo ti ń fún ìyá mi láti ọjọ́ yìí kì í ṣe tèmi. Mo jí i pẹ̀lú dòdò ni.

"Màámi, èmi ni."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ẹ̀gbọ́n ẹ ni mo ń bá..."

"Màámi, èmi ni mò ń jẹ ẹ́. Oúnjẹ Kẹ́hìndé. Èmi ni, mà."

Mo gbọ́ tí adìẹ ń ké lágbàálá Bùọ̀dá. Mo gbọ́ tí ọ̀kadà kan kọjá.

"Gbogbo ẹ̀?" wọ́n ní nígbẹ̀yìn.

"Gbogbo ẹ̀, mà."

"Ti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́?"

"Èmi náà ni, mà. Mo rí i tẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín, mo wá..."

Mo ti ń retí èpè. Mo ti ń retí ẹkún. Ṣùgbọ́n ohùn tíṣà ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, ohùn ẹni tó ń ṣe ìṣirò lójú pátákó, tó rí i pé àṣìṣe ti wà láti òkè.

"Á jẹ́ pé ebi ti ń pa ọmọ mi láti ọjọ́ yẹn."

Mo ní, "Màámi, ẹ má bínú."

"Kí ló wà níwájú ẹ?"

"Ìrẹsì, mà. Àti ẹja."

"Bù ú fún un."

Mo pe agbáwo. Mo ní kó gbé àwo kejì wá, ó wò mí, ó sì gbé e wá, ó gbé ṣíbí tì í pẹ̀lú. Mo bu ìrẹsì sí i, mo gbé odindi ẹja náà lé e lórí, mo taari rẹ̀ síwájú àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí. Fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń gbọ́ èémí màámi.

"O ti gbé e fún un?"

"Mo ti gbé e fún un, mà."

"Má fọwọ́ kàn án."

"Mi ò fọwọ́ kàn án, mà."

Àwọn èèyàn jẹun tán, wọ́n ń dìde lọ wọ ọkọ̀ kékeré tó máa gbé wọn dé erékùṣù. Agbáwo ń nu àwọn tábìlì yòókù, kò wá sí tiwa. Òórùn ẹja náà ti ń lọ, ọ̀rá ti ń dì létí àwo.

"Ṣé ó ń jẹ ẹ́?"

Mo wo àwo náà dáadáa. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n bi mí ní ìbéèrè yẹn tí mo wò kí n tó dáhùn.

"Kò tíì jẹ ẹ́, mà."

"Dúró dè é," màámi ní.

A sì jọ dúró.